Òpó Tí A Kò Dè: Ilé Kọnkéré Àtijọ́ àti Ìmìtìtì Ilẹ̀

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ilé kọnkéré tí kò lè gba ìmìtìtì ilẹ̀ mọ́ra, bí a ṣe ń dá irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀, àti bí a ṣe ń tún un ṣe kí ó tó wó lu àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Ìdí tí àwọn ilé yìí fi ń wó ti hàn sí àwọn onímọ̀ láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, oògùn rẹ̀ náà sì ti wà lọ́wọ́. Síbẹ̀, irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀ lọ jàra lónìí ní àwọn ìlú tí ilẹ̀ ti máa ń mì. Àwọn èèyàn ń sùn sínú wọn, àwọn ọmọ ń kàwé nínú wọn. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, òun ni mo sì wá bá yín sọ.

Ní Sylmar, ní àríwá ìlú Los Angeles, wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Olive View. Kò tíì ju oṣù díẹ̀ lọ tí wọ́n ṣí i nígbà tí ilẹ̀ mì láàárọ̀ kùtù ọjọ́ 9, oṣù Kejì, ọdún 1971. Ìwọ̀n ìmìtìtì náà jẹ́ 6.6, èyí tí kò sí lára àwọn tó le jù láyé. Ilé náà kò wó tán, ṣùgbọ́n kò ṣeé lò mọ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, mẹ́ta nínú ilé àtẹ̀gùn mẹ́rin tí wọ́n kọ́ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ya kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì ṣubú. Nígbẹ̀yìn, wọ́n wó èyí tó kù dànù. Nítòsí ibẹ̀, ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ti kọ́ láti àwọn ọdún 1920, wó lulẹ̀. Àwọn tó kú nínú ìyẹn nìkan lé ní ogójì.

Àwọn ẹnjiníà tó wọ ìsàlẹ̀ Olive View lẹ́yìn náà rí ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Oríṣi òpó méjì ló wà nínú ilé náà. Àwọn kan, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi yí ọ̀pá irin gígùn inú wọn po láti òkè délẹ̀, àwọn ìyípo rẹ̀ sì sún mọ́ra. Àwọn kejì, ìyẹn àwọn tó wà ní igun ilé, rìǹgì lásán ni wọ́n fi dè wọ́n, àyè tó wà láàrin rìǹgì kan sí èkejì sì fẹ̀. Ilẹ̀ kan náà ló mì wọ́n. Òpó oríṣi àkọ́kọ́ bó, kọnkéré ara rẹ̀ já dànù, irin rẹ̀ hàn síta, ó tẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kọnkéré inú rẹ̀ kò fọ́n ká, ó ṣì ń gbé òkè ró. Ti igun fọ́ yángá. Kọnkéré inú rẹ̀ ti di òkúta wẹ́wẹ́ nílẹ̀, ọ̀pá irin tó ti ká kò nìkan ló kù.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kí ó tú ìdè ìgbálẹ̀, kí ó wá gbìyànjú láti gbé e nàró. Ọ̀pá irin gígùn tó wà nínú òpó ni ọwọ̀ yẹn, rìǹgì ni ìdè rẹ̀. Nígbà tí ilé bá dúró jẹ́ẹ́, ẹrù ń sọ̀ kalẹ̀ tààrà, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé ìdè náà kò tó. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá mì, orí òpó á lọ sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ á lọ sósì, wọ́n á tún padà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe léraléra láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Èèpo kọnkéré tó bo irin ló máa kọ́kọ́ bọ́. Bí rìǹgì bá jìnnà síra, ọ̀pá irin á rí àyè yọ kókó síta láàrin rìǹgì méjì, kọnkéré inú á tú, òpó á kúrú lójijì. Ẹrù tó ń gbé á bọ́ sọ́rùn èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà kò sì rí i gbé. Báyìí ni dẹ́kìn òkè ṣe ń jókòó lé ti ìsàlẹ̀ títí wọ́n á fi tò léra. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó wà láàrin láti mí, ìdí nìyẹn tí àwọn adóòlà fi ń gbẹ́lẹ̀ títí, tí wọn kì í sì í rí ẹni tó yè.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rìǹgì yìí díẹ̀ sí i, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà. Nínú ọ̀pọ̀ òpó àtijọ́ ní California, rìǹgì kan fi 30 sí 45 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí èkejì. Òpó tí wọ́n bá kọ́ fún ilẹ̀ tó ń mì lónìí, ní ibi orí rẹ̀ àti ibi ẹsẹ̀ rẹ̀, àyè náà kì í sábà ju nǹkan bíi 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà lọ. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni bí wọ́n ṣe tẹ ìdí rìǹgì náà níbi tí orí méjèèjì ti pàdé. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n dígírì 90, ìrù irin náà á sùn sínú èèpo kọnkéré. Èèpo yìí sì ni ohun àkọ́kọ́ tó máa bọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mì. Tó bá ti bọ́, rìǹgì á ṣí. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dé ìwọ̀n dígírì 135, ìrù rẹ̀ á wọ àárín gbùngbùn òpó lọ, kọnkéré inú á dì í mú, kò ní ṣí bí èèpo tilẹ̀ bó tán. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì kò ju pé kí ẹni tó ń tẹ irin tún fa ọwọ́ síwájú díẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń tẹ irin láàárín wa gbọ́ èyí dáadáa: ẹ̀yin lẹ mú ẹ̀mí àwọn tó máa sùn sínú ilé náà lọ́wọ́, ẹnjiníà tó ya àwòrán kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́.

Àwọn àìsàn mìíràn wà tí n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ibi tí òpó àti bíìmù ti pàdé, ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ni kò ní rìǹgì rárá níbẹ̀, nítorí ó nira láti dè. Àwọn mìíràn, bíìmù wọn le ju òpó lọ, nítorí náà òpó ló ń kọ́kọ́ ṣẹ́. Àwọn kan tún wà tí ògiri kún àjà òkè wọn pátápátá, ṣùgbọ́n tí ìsàlẹ̀ wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ṣọ́ọ̀bù tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Gbogbo yíyí tí ilé náà máa yí, ìsàlẹ̀ yẹn nìkan ló máa jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn ti Sylmar, California yí òfin ilé kíkọ́ padà. Òfin tó jáde ní 1976 sọ ọ́ di dandan kí wọ́n de òpó kọnkéré bó ṣe yẹ. Ní Los Angeles, ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 1977 ni ààlà: ilé tí wọ́n tọrọ ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn, àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin ilé kíkọ́ kì í wo ẹ̀yìn. Ilé tó bá ti dúró tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó ní kí onílé fọwọ́ kàn án.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ilé ìtura alájà méje kan ní Van Nuys, ní Los Angeles, tí wọ́n kọ́ ní 1966. Ìmìtìtì 1971 bà á jẹ́ díẹ̀, wọ́n tún un ṣe, àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1994, ìmìtìtì Northridge dé pẹ̀lú ìwọ̀n 6.7, àwọn òpó àjà kẹrin ilé ìtura náà sì sán lóòró àti níbùú, irin inú wọn yọ síta. Díẹ̀ ló kù kí ó wó. Ọ́fíìsì ìlera kan ní Granada Hills kò rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà; àjà kan nínú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ṣẹlẹ̀, ọjọ́ ìsinmi sì ni. Bí ó bá jẹ́ aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni, ìtàn mìíràn ni à bá máa sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, afárá ńláńlá méje wó lórí àwọn òpópónà, ṣùgbọ́n àwọn afárá tí wọ́n ti fi páànù irin nípọn wé òpó wọn ṣáájú, lẹ́yìn ìmìtìtì mìíràn tó wáyé ní California ní 1989, dúró. Ẹ̀rí wo ni a tún ń wá?

Mo ní láti sọ ti Christchurch fún yín, nítorí òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní Yunifásítì Canterbury, ní ìlú yẹn gan-an, ní New Zealand, ni Robert Park àti Tom Paulay ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn bí kọnkéré ṣe lè tẹ̀ láìwó. Ìwé wọn jáde ní 1975, àwọn ẹnjiníà kárí ayé ló sì lò ó. Ẹ̀kọ́ wọn ni pé kí ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ti pinnu ibi tí ilé máa gbà tẹ̀ kí ilẹ̀ tó mì: kí bíìmù tẹ̀, kí òpó dúró. Ìlú tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti jáde, ẹ ò ní rò pé ilé lè wó níbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì 2011, ní aago méjìlá ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú 51, ilẹ̀ mì ní Christchurch. Ilé kan tí wọ́n ń pè ní CTV, alájà mẹ́fà, tẹ́ láàrin ìṣẹ́jú àáyá, iná sì tún ṣẹ́ yọ nínú àlàpà rẹ̀. Nínú àwọn 185 tó kú ní gbogbo ìlú, 115 kú sínú ilé kan ṣoṣo yìí. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ilé náà kì í ṣe ilé àtijọ́. Ọdún 1986 ni wọ́n kọ́ ọ, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn tí ìwé Park àti Paulay jáde. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba tú àwòrán rẹ̀ wò: òpó rẹ̀ fẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà, irin tí wọ́n fi dè é kò nípọn ju mìlímítà mẹ́fà lọ, àyè àárín rẹ̀ sì jẹ́ 25 sẹ̀ǹtímítà. Dẹ́kìn rẹ̀ kò so mọ́ ògiri kọnkéré tó yẹ kó gbé e ró dáadáa. Ìgbìmọ̀ náà ní àwòrán ilé náà kò bá òfin mu, àti pé kò yẹ kí wọ́n fún un níwèé àṣẹ. Ìmìtìtì ńlá kan ti kọ́kọ́ wáyé lóṣù Kẹsàn-án 2010. Wọ́n yẹ ilé náà wò wàràwàrà, wọ́n lẹ ìwé aláwọ̀ ewé mọ́ ọn, pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé lè wọlé.

Ìdí tí mo fi pẹ́ lórí èyí ni pé àwọn kan nínú wa gbà pé tí ìmọ̀ bá ti wà ní yunifásítì, ó ti wà nínú òpó nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ yẹ àwòrán wò, kí ó sì láyà láti sọ pé rárá. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wo irin kí wọ́n tó da kọnkéré bò ó. Bí kò bá sí àwọn méjèèjì yìí, ọdún tí wọ́n kọ́ ilé kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Ní ti títún ilé ṣe, ọ̀nà rẹ̀ pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n fi ògiri kọnkéré tuntun kún ilé náà láti ìpìlẹ̀ dókè, tàbí kí wọ́n fi ọ̀pá irin tó dábùú ara wọn sí i, kí ilé má bàa yí púpọ̀ mọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tàn tirẹ̀: ògiri tuntun ló máa fa gbogbo ipá ìmìtìtì sọ́dọ̀ ara rẹ̀, nítorí náà bí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò bá tóbi tó, tí wọn kò sì so dẹ́kìn mọ́ ọn pinpin, ilé á ya kúrò lára rẹ̀ bí ti CTV. Wọ́n tún lè wé òpó fúnra rẹ̀. Páànù irin ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ní òde òní wọ́n ń fi aṣọ tí wọ́n hun láti inú okùn kábọ́ọ̀nù yí i ká pẹ̀lú gúlúù líle. Aṣọ yìí fúyẹ́, kò gbàyè, oníṣẹ́ lè wé òpó kan láìjẹ́ pé ayálégbé kó jáde. Iṣẹ́ kan náà tí rìǹgì ì bá ṣe ló ń ṣe, láti ìta.

Ọ̀nà kan wà tó wọ́n jù, tó sì wú mi lórí jù. Wọ́n á gé ilé kúrò lára ìpìlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ki ẹsẹ̀ rọ́bà tó nípọn bọ àárín, tí ilẹ̀ á fi máa mì lábẹ́ rẹ̀ tí ilé kò ní bá a lọ tán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe Gbọ̀ngàn Ìlú Los Angeles, tí wọ́n kọ́ ní 1928. Iṣẹ́ náà parí ní 2001. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Southern California ti wà lórí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní 1994 iṣẹ́ kò dúró níbẹ̀. Olive View tí wọ́n tún kọ́ gba tirẹ̀ lọ́dún yẹn náà: ògiri rẹ̀ le koko, kò sán, ṣùgbọ́n páìpù omi bẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì ní láti kó àwọn aláìsàn jáde. Egungun ilé nìkan kọ́ là ń tún ṣe o. Omi, iná mànàmáná, àjà òkè, jẹnẹrétọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń fẹ́ ìdè.

Owó wá ń kọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń há sí. Ní 2014, Eric Garcetti tó jẹ́ olórí ìlú Los Angeles nígbà náà mú Lucy Jones, onímọ̀ nípa ìmìtìtì ilẹ̀, wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2015, ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí òfin: ilé onípákó tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọdún méje, ilé kọnkéré tó ṣáájú 1977, ọdún 25 láti ọjọ́ tí ìwé bá dé ọwọ́ onílé. Fún àwọn ilé onípákó, wọ́n gbà kí onílé àti ayálégbé pín ìnáwó náà lápapọ̀, díẹ̀díẹ̀ lórí owó ilé. Iṣẹ́ náà sì yá gan-an. Ti kọnkéré ló ń falẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé kọnkéré ló ń kó èèyàn púpọ̀ jọ jù. Lójú tèmi, ọdún 25 ti pọ̀ jù. Ọmọ tí wọ́n bí sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ á dàgbà, á gboyè, á níyàwó, kí onílé tó parí iṣẹ́, ilẹ̀ kò sì ní dúró dè é.

Japan fi hàn wá pé ó ṣeé ṣe kíákíá. Lẹ́yìn ìmìtìtì Kobe ní 1995, tó pa 6,434 ènìyàn, wọ́n rí i pé àwọn ilé tó ṣáájú òfin wọn ti 1981 ló fara gbá jù. Wọ́n dojú kọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní 2002, nínú 100 ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, èyí tó lè gba ìmìtìtì mọ́ra kò tó 45. Nígbà tó fi máa di 2015, wọ́n ti lé ní 95. Ẹ lè rí iṣẹ́ náà láti ojú títì: irin ńlá tó dábùú ara wọn lójú fèrèsé, lára ilé ìwé. Kò dára lójú. Ìjọba ló náwó, wọ́n sọ ọjọ́ tí yóò parí, wọ́n sì ń ka iye tó kù síta lọ́dọọdún. Àwọn ọmọ ni wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́, mo sì gbà pé ibi tó yẹ kí gbogbo orílẹ̀-èdè ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan wa níbí. N kò wá dẹ́rù bà yín. Ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe California. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde lóṣù Keje 1984, wọ́n sì gbọ́ ọ dé Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ó mì ní Mpape, l'Ábújá, lóṣù Kẹsàn-án 2018. Ojú ìlà ibi tí àpáta abẹ́ ilẹ̀ ti ya wà ní Ìfẹ́wàrà, nítòsí Ilé-Ifẹ̀. Accra, ní Ghana, rí ìmìtìtì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Sylmar ní 1939, àwọn èèyàn sì kú. Ní Agadir, ní Mòrókò, lọ́dún 1960, ìmìtìtì tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó 6 pa nǹkan bí 12,000 ènìyàn lálẹ́ ọjọ́ kan, nítorí abẹ́ ìlú gan-an ló ti wáyé, ilé wọn kò sì gbaradì.

Èyí tó ká mi lára ju ìyẹn lọ ni pé ilé wa kì í dúró de ìmìtìtì kó tó wó. Ilé tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fáàjì, l'Ékòó, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019. Ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2021, ó pa èèyàn tó lé ní ogójì. Ilẹ̀ kò mì lọ́jọ́ méjèèjì. Òpó tí wọ́n bá dè dáadáa máa ń sán, á tẹ̀, á fi ara hàn, kí ó tó jọ̀wọ́ ẹrù. Àyè díẹ̀ yẹn tó fún màmá kan láti gbé ọmọ rẹ̀ sá jáde. Òpó tí kò ní ìdè kì í kìlọ̀.

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé ní Los Angeles, tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí yín, ẹ lọ wo orí íńtánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì ilé kíkọ́ ìlú náà, ẹ tẹ àdírẹ́sì yín sí i, ẹ wò bóyá ilé yín wà lára àwọn tí òfin 2015 mú, kí ẹ sì bi onílé yín bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé nílé níbí, bí ẹ wà nílùú tàbí ẹ wà lókè òkun, ẹ má fi òpó sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ kò mọ̀. Kí wọ́n tó kan pákó mọ́ ọn, kí ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ wá fi tépù wọn àyè àárín rìǹgì níṣojú yín. Kí ó wo ìdí rìǹgì kọ̀ọ̀kan bóyá ó tẹ̀ wọnú. Bí kò bá bá àwòrán mu, ẹ ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún un dè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé símẹ́ǹtì ti wà nílẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kùn, tí ilẹ̀ sì ń ṣú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da kọnkéré náà.